Ọmọ Yín Gba Unconditional Offer? Ẹ Má Tíì Pa Ewúrẹ́

Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta lọ́dọọdún, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Ẹni tí a jọ dúró nídìí iṣu ní Rye Lane, ìyá tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì lóru: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, yunifásítì kan ti fún ọmọ wa ní unconditional. Ṣé kó gbà á?" Unconditional yìí ni ààyè tí yunifásítì fún ọmọ láìdúró de èsì ìdánwò rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé olùṣọ́ ìdánwò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ọmọ tèmi náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Èmi kì í ṣe tíṣà, n kò sì bá UCAS, àjọ tí ọmọ ń gbà kọ̀wé sí yunifásítì, ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun tí mo ti fojú ara mi rí nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ẹ ò ní rí i nínú ìwé ìpolówó yunifásítì kankan. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn lórí ìdúró ni mo kọ síbí.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ bá ọmọ náà yọ̀, ẹ se ìrẹsì bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tẹ bọ́tìnnì kankan lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà dópin

Ímeèlì tí UCAS máa ń fi ránṣẹ́ kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Á kàn ní nǹkan ti yí padà, kí ọmọ lọ wo Hub rẹ̀, ìyẹn ojú-ewé rẹ̀ lórí ìkànnì UCAS. Ẹ jókòó tì í, kó ṣí i níṣojú yín, kí ẹ sì ka lẹ́tà yunifásítì náà fúnra yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí inú rẹ̀ ń dùn á ka ìlà àkọ́kọ́, á sì sáré lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Snapchat.

Yunifásítì márùn-ún ni ọmọ lè yàn lórí UCAS, mẹ́rin tó bá jẹ́ iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ kọ́. Bí ìkan bá fún un ní conditional, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó mú èsì A-level, ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama, báyìí-báyìí wá, ká ní ABB (A kan, B méjì), ààyè rẹ̀ á wà. Bí ó bá jẹ́ unconditional, ààyè ti di tirẹ̀ láìwo èsì tí yóò jáde lóṣù Kẹjọ.

Àwa tí a kàwé nílé ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń tètè tàn jẹ. Nílé, ọmọ á kọ JAMB, á kọ post-UTME, á máa fòyà nítorí cut-off mark, orúkọ rẹ̀ lè wà nínú list àkọ́kọ́, ó sì lè má sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí admission bá jáde, ogun ti parí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí bàbá ọmọ fi máa ń pe Ìbàdàn lórí fóònù kí ọmọ tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Níbí, lẹ́tà náà lè dé kí Kérésìmesì tó dé, kí ìdánwò gan-an sì wà níwájú ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà. Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń kí yín kú oríire.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nísàlẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n kọ unconditional sí gàdàgbà, ẹ lè rí i pé ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì ní láti ṣe DBS, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ó ti dẹ́ṣẹ̀ sófin rí, àti àyẹ̀wò ìlera. Ẹ lè rí i pé sikọ́láṣípù tí wọ́n fi pọ́n lẹ́tà náà lé kò ní jẹ́ tirẹ̀ àyàfi tó bá gba AAA. Tàbí kí ẹ rí èyí tí mo kórìíra jù: pé unconditional náà á di òótọ́ kìkì bí ọmọ bá kọ́kọ́ fi yunifásítì yẹn ṣe firm, ìyẹn àṣàyàn àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń fún wọn

Àwọn òbí kan gbà pé ọpọlọ ọmọ wọn ló mú un wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo iye wọn ná. Ní 2013, unconditional tí àwọn yunifásítì fún àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún láti England, Wales àti Northern Ireland jẹ́ 2,985. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti di 67,915. Ọpọlọ àwọn ọmọ kò lè pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjọba mú gbèdéke kúrò lórí iye ọmọ tí yunifásítì ní England lè gbà ní 2015, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wá ń mú £9,250 wọlé lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ tó ń pé ọdún méjìdínlógún nígbà náà ń dín kù ni. Yunifásítì di ọlọ́jà tó ń fa oníbàárà láṣọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá le débi pé mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Damian Hinds, kọ lẹ́tà sí yunifásítì mẹ́tàlélógún ní 2019 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú unconditional tó so mọ́ firm. Ní oṣù Keje 2020, nígbà Kòrónà, Office for Students, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì ní England, fòfin dè é títí di oṣù Kẹsàn-án 2021. Ní 2022 àwọn yunifásítì fúnra wọn gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Nítorí náà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó ti pààrọ̀ aṣọ: ẹ lè rí lẹ́tà tó sọ pé bí ọmọ bá fi wọ́n ṣe firm, wọ́n á gbà á pẹ̀lú CCC dípò BBB. Ọgbọ́n kan náà ni.

Àwọn kan wà tí kò ní ẹ̀tàn nínú rárá. Ọmọ tó lo ọdún kan nílé lẹ́yìn A-level ti ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ máa dúró dè? Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà, wọ́n ti wo àwọn àwòrán rẹ̀. Ní Scotland, ìdánwò Highers tí àwọn ọmọ ń ṣe ní S5, ọdún karùn-ún girama, ti jáde kí wọ́n tó kọ orúkọ sí UCAS, unconditional kò sì jẹ́ nǹkan tuntun níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Glasgow tó ń sọ pé ọmọ òun gba mẹ́ta, ẹ má fi wé tiyín.

Ìjókòó ilé

Bàbá àti ìyá kì í sábà rí ọ̀rọ̀ yìí bákan náà. Ọkọ mi ṣe JAMB títí ó fi sú u kó tó wọlé, torí náà nígbà tí lẹ́tà àbígbẹ̀yìn wa dé, ó ní: "Ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, kó wọlé. Kí lẹ tún ń wò?" Èmi ní lẹ́tà yẹn á mú ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó sọ fún mi lálẹ́ nínú kíṣìnnì pé láti ìgbà tí òun ti wọ Year 13, kíláàsì àṣekágbá, alẹ́ àná ni òun kọ́kọ́ sùn wọra. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyẹn. Ara àwọn ọmọ yìí kò balẹ̀ tó bí a ṣe rò, àwa tí a ń pariwo "ìwé, ìwé" sì wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n.

Mo gbọ́ ti àwọn òbí mìíràn náà. Bàbá kan nínú ìjọ wa bú sẹ́rìn-ín: "Bí wọ́n bá dáa, kí ló dé tí wọ́n ń bẹ̀ wá?" Kò tọ̀nà pátápátá, nítorí Birmingham, tí kò sí ẹni tó lè pè é ní yunifásítì yẹpẹrẹ, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013 kó tó jáwọ́. Ìyá kan sì wà tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó ní nígbà tí unconditional dé, òun kúnlẹ̀ ni, torí kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àárọ̀ ìdánwò Chemistry ni ìrora máa gbé e dé ilé ìwòsàn King's. Tèmi ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó gbà á, kó má ro ó lẹ́ẹ̀mejì, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló wù ú tẹ́lẹ̀. Àmọ́ mo tún fi kún un fún ìyá náà pé kó lọ bá ọ́fíìsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, kó má dúró di oṣù Karùn-ún. Wọ́n lè ṣètò àkókò ìsinmi fún ọmọ láàárín ìdánwò, wọ́n sì lè kọ̀wé fún special consideration bí àìsàn bá kọlù ú. Èyí tí wọ́n lè fi kún máàkì kì í ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn òbí wa ṣe máa ń fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ìtìjú.

Bí ẹ ṣe máa yanjú rẹ̀ nílé nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i, ẹ fún ọmọ ní bébà àti bíírò. Kó to orúkọ yunifásítì márààrún bó ṣe fẹ́ràn wọn tó, bí ẹni pé gbogbo wọn ló ní kó mú ABB wá. Kó kọ ìdí kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: kọ́ọ̀sì náà, ìlú náà, ọdún kan tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe jìnnà sílé sí. Ẹ má bá a kọ ọ́. Bí èyí tó fún un ní unconditional bá wà lókè pátápátá, ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ jẹ́ kó gbà á. Bí ó bá wà ní ipò kẹrin, ẹ ti rí i pé lẹ́tà ló ń fà á lọ síbẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́. Tí ẹ kò bá tíì dé ìlú náà rí, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba àwọn tó ti gba offer lálejò. Ẹ wo ilé tí ọmọ máa sùn, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró dìgbà tí ọmọ bá pè yín lóṣù Kẹwàá.

Ẹ dákun, ẹ má gbé e lọ fún ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di oṣù Kẹjọ. Bí pásítọ̀ bá pe ọmọ síwájú, tí gbogbo ìjọ ṣe hallelúyà, tí àwọn ìyá kó owó lé e lórí, ta ló tún máa wá sọ fún un lọ́jọ́ Ajé pé kó lọ jókòó ti ìṣirò Mechanics?

Ohun tí mo ń rí nínú gbọ̀ngán ìdánwò

Ìdánwò àárọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. A ti gba aago ọwọ́ lọ́wọ́ wọn, a ti gba fóònù, a ti bó bébà ara ìgò omi kúrò. Bíírò dúdú nìkan, nínú àpò tí a lè rí inú rẹ̀. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo orí tẹ̀ba. Lẹ́yìn náà ni èmi tí mo ń rìn láàárín tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn kan. Ọmọ á kọ ìbéèrè méjì, á fo ẹ̀kẹta, á ṣí ìwé sẹ́yìn, á ya bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ bébà, á gbé bíírò sílẹ̀, á máa wo aago ara ògiri. Kò lè jáde, torí òfin ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kúrò lójú wa kí wákàtí kan tó pé. Agogo mẹ́wàá bá lù, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. Èmi ni màá gba ìwé náà, ojú ewé mélòó kan a sì wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnu mi máa ń yún mi gidigidi.

N kò ní gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló gba unconditional. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà sixth form, kíláàsì méjì tó kẹ́yìn, kì í pẹ́ sọ ẹni tó gbà á. UCAS fúnra rẹ̀ rí i pé àwọn tó gba unconditional máa ń kùnà èsì tí tíṣà sọ tẹ́lẹ̀ fún wọn ju àwọn yòókù lọ. Office for Students náà sì rí i pé irú wọn tí kì í padà sí yunifásítì fún ọdún kejì fi díẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ọmọ á sì sọ fún yín pé èsì ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ ní kó gbọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́yà kan àti báńkì kan ṣì máa ń bèèrè èsì A-level lọ́wọ́ ẹni tó ti gba dìgírì. Bí kọ́ọ̀sì náà kò bá wù ú mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, tó fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò nìyẹn. Tó bá sì fẹ́ tún un ṣe, owó ara yín ni, òun á sì jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Nílé wa, àdéhùn la ṣe. Ó gba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìka ìwé, lẹ́yìn náà fóònù rẹ̀ á máa sùn nínú pálọ̀, òun á sì máa ṣe past question kan lọ́jọ́ Sátidé lábẹ́ aago. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe nira tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnnì firm àti insurance

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Nígbà tí gbogbo ìdáhùn bá ti dé, ọmọ á yan ìkan gẹ́gẹ́ bíi firm, á sì lè yan ìkan sí i gẹ́gẹ́ bíi insurance, ìyẹn èyí tó máa sá tọ̀ bí ti àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i. Bí ó bá fi unconditional ṣe firm, kò lè ní insurance mọ́, àwọn mẹ́rin yòókù ti lọ.

Ṣùgbọ́n òfin kankan kò ní kó má fi unconditional ṣe insurance. Ká ní yunifásítì tó wù ú gan-an ní kó mú AAB wá, tí èkejì sì fún un ní unconditional. Ó lè fi AAB yẹn ṣe firm, kó sì fi unconditional ṣe insurance. Bí ó bá mú AAB wá, ó lọ sí ibi tó wù ú. Bí kò bá mú un wá, ààyè kan ń dúró dè é. Ọkọ mi rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, èmi sì rí ọmọ tó ń kàwé, ìjà ti parí. Ẹ wá rí ìdí tí àwọn yunifásítì kan fi so tiwọn mọ́ firm: wọ́n mọ̀ nípa ọgbọ́n yìí.

Kò sí ìdí láti kánjú. UCAS kì í ní kí ọmọ dáhùn kí gbogbo yunifásítì tó fèsì, ọjọ́ ìkẹyìn tirẹ̀ sì wà lórí Hub. Bí ẹnì kan bá ń pè é lórí fóònù láti yunifásítì pé ilé ibùgbé ń tán lọ, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ní òun ṣì ń bá àwọn òbí òun sọ̀rọ̀.

Owó

Lẹ́tà unconditional kò sọ ohunkóhun nípa iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ọmọ, èyí sì ti dá ìbànújẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ wá lórí físà iṣẹ́ lè gba unconditional, kí wọ́n sì ka owó ọmọ òkèèrè sí i lọ́rùn, èyí tó lè ju ìlọ́po méjì £9,535 tí ọmọ ilé san ní 2025/26 lọ. Student Finance, àjọ tó ń yá ọmọ lówó ilé-ìwé, kò sì ní yá a ní kọ́bọ̀.

Ní England, ẹni tó ní ìwé ìgbé ayérayé tàbí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti ti gbé níbí fún ọdún mẹ́ta kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó máa wọlé. Nítorí náà ọmọ tó ní pásípọ́ọ̀tù níbí ṣùgbọ́n tí màmá àgbà tọ́ dàgbà ní Ìkẹjà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá ṣe A-level, ẹ má fi í yangàn. Pásípọ́ọ̀tù nìkan kò tó. Ẹni tí kò ní ìwé ayérayé ṣì ní ọ̀nà kan: kí ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún ti gbé níbí fún ọdún méje, tàbí kí ẹni tó ti pé méjìdínlógún ti lo ìlàjì ayé rẹ̀ tàbí ogún ọdún níbí, pẹ̀lú ìwé tó bófin mu fún ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin ará Zambia kan, Beaurish Tigere, tó gbé ìjọba lọ sí Supreme Court tó sì borí ní 2015, ló ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Kí ọmọ kọ ímeèlì sí yunifásítì láti béèrè fee status rẹ̀, ìyẹn bóyá owó ọmọ ilé ló máa san tàbí ti ọmọ òkèèrè, kí wọ́n sì dá a lóhùn lórí ìwé kó tó tẹ firm.

Fún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yíyá, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i nígbà ìrúwé. Ẹ má dúró de èsì. Ọmọ lè yí orúkọ yunifásítì padà lẹ́yìn náà. Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá ń gbà lé ní £25,000 lọ́dún ni yóò máa fi san án padà, fún ogójì ọdún ó pọ̀ tán, èlé sì wà lórí rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ

Èsì máa ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kan láàárín oṣù Kẹjọ. Ọmọ tó fi unconditional ṣe firm á rí i pé ààyè rẹ̀ ti wà. Bí èsì rẹ̀ bá wá dáa ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, tó sì fẹ́ lọ síbòmíràn, bọ́tìnnì kan wà lórí Hub, decline my place, tí yóò tú u sílẹ̀ wọ Clearing, níbi tí àwọn yunifásítì ti ń fún ọmọ ní ààyè tó ṣẹ́kù. Kó má tẹ̀ ẹ́ tìbínú-tìbínú o. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ààyè àtijọ́ ti lọ. Kó kọ́kọ́ pe yunifásítì tuntun, kó ka èsì rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì sọ pé àwọn máa gbà á, kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì máa fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ wá, a fẹ́ràn kí a já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ. UCAS kò ní dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àyàfi tó bá ti fi orúkọ yín sí nominated access nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kó fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ẹnì kan nínú yín gba àyè níbi iṣẹ́, kí fóònù méjèèjì ti kún fún iná, kí nọ́ńbà èsì GCSE, ìdánwò tó ṣáájú A-level, àti nọ́ńbà UCAS rẹ̀ wà lórí bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ti lè gbọ́ ohun tó ń sọ láìdá sí i.